WỌ́N GBA Ẹ̀MÍ RẸ̀ LÀ, WỌ́N GBÀGBÉ ỌWỌ́ RẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará ìlú àti ará oko sọ lọ́jọ́ ọjà. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé, kó kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.)

 

Mo mọ̀ pé bí olóṣèlú bá ti dìde báyìí, ọ̀rọ̀ títì, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ omi ni ẹ ń retí. A ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni mo bá wá. Ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní, kí ni yóò fi títì ọlọ́dà ṣe? Ẹni tí kò lè gbé ife omi dé ẹnu, kí ni ẹ̀rọ omi fẹ́ ṣe fún un?

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wọ́n púpọ̀.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n. Agbádá tí wọ́n bá rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í fẹ́ bọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ẹnu ti wọ́ sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló fà á.

A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wọ́n gba ẹ̀mí bàbá mi là. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún la lò. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n di oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Ẹ máa gbé Bàbá lọ sílé. Ẹ máa fi omi gbóná ra ọwọ́ náà. Ẹ máa gbàdúrà." Ó parí! Ẹnikẹ́ni kò fi hàn wá bí a ó ṣe máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ọwọ́ tó kú náà ní ohun tí a gbọ́dọ̀ máa fi í ṣe lójoojúmọ́ kí ó má baà gan.

A gbé wọn délé. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é: a ní kí wọ́n sinmi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń jẹun, orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń wẹ̀ wọ́n. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Egbò yọ sí wọn nídìí. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ká wọnú bí ìka ọmọ tuntun tó di nǹkan mú, kò ṣe é là mọ́. Bí a bá sì fẹ́ gbé wọn dìde, apá tó kú náà la máa ń fà. A kò mọ̀ pé ṣe la ń fa eegun èjìká wọn kúrò ní àyè rẹ̀.

Nígbà tí ọdún Iléyá dé, ọmọ aládùúgbò wa kan tó kọ́ iṣẹ́ físíò ní Ìbàdàn wá sílé. Ẹ ẹ̀ mọ físíò? Àwọn ni wọ́n ń fi eré ara àti ìmọ̀ iṣan tún apá àti ẹsẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin náà wọlé wá kí bàbá mi. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ jẹ́ kí Bàbá máa dùbúlẹ̀?" Ẹnu mi wọ wòò.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé, ojoojúmọ́ ló sì ń wá. Kò gbé ẹ̀rọ kankan dání. Àga onígi kan, tówẹ̀lì kan, àti ògiri pálọ̀ wa, ohun tó lò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́ màmá mi, ó kọ́ èmi náà: bí Bàbá yóò ṣe jókòó, bí wọn yóò ṣe dìde, bí wọn yóò ṣe máa gbé ara lé ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó ní, "Ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kó sú yín o."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bàbá mi fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó síta, àwọn èèyàn sì ń kí wọn láti ojú títì. Màmá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò là. Mo bi ọmọbìnrin náà lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní a ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni, bóyá ni ì bá ká tó báyìí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ṣì wà nínú pálọ̀. Aṣọ la fi bò ó.

KÍ NI À Ń PE ÌTỌ́JÚ YÌÍ?

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Oògùn ń lé àìsàn lọ. Iṣẹ́ abẹ ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò ni yóò kọ́ ọwọ́ bí yóò ṣe tún di nǹkan mú, tí yóò kọ́ ẹsẹ̀ bí yóò ṣe tún rìn, tí yóò kọ́ ẹnu bí yóò ṣe tún sọ̀rọ̀, kí aláìsàn lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ àti sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò bá sì lè padà mọ́, òun náà ni yóò wá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ọ̀pá tàbí àga oníkẹ̀kẹ́ tó bá ara ẹni mu, tí yóò sì kọ́ni bí a ṣe ń lò ó. Dókítà wà nínú iṣẹ́ náà, físíò wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan wọṣọ, bí a ṣe ń fi í dáná, wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn arọ nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá ka ènìyàn mẹ́ta láyé, ọ̀kan nínú wọn ní àìlera tí ìtọ́jú yìí lè ràn lọ́wọ́. Àjọ náà tún ní, ní àwọn kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó nílò rẹ̀ tí kì í rí i gbà. Ẹ wo àyíká yín, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni.

Ẹ wo ọmọ ọlọ́kadà tí mọ́tò gbá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa tó ń to eegun, iṣẹ́ ìran ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi igi di ẹsẹ̀ le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò ríbi kọjá, ẹsẹ̀ á tutù, á dúdú, á rà, gígé ló kù. Kí ló dé tí ìjọba kò pe àwọn bàbá wọ̀nyí jókòó, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí àmì ewu àti ìgbà tó yẹ kí a yára gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù? Bẹ́ẹ̀ bá sì gé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dà?

Ẹ wo ọmọ tuntun tí a bí, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Dókítà Ignacio Ponseti, tó ṣiṣẹ́ ní Iowa ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn tipẹ́. Wọn á fi ọwọ́ rọra tún ẹsẹ̀ náà ṣe, wọn á fi P.O.P. dì í, wọn á máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọn á tún gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ á máa fi bàtà onírin sùn lálẹ́ títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà á rìn, á sáré, á gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò máa fi tẹlẹ̀ títí dọjọ́ ogbó.

Ẹ wo ọmọ tí ibà mú, tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, tó gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí ní ibi tí kò yẹ. Abẹ́rẹ́ bá iṣan ńlá ẹsẹ̀. Ibà lọ, ẹsẹ̀ ọmọ rọ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń rìn ní ìlú wa, tí à ń pè ní arọ.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? A dúpẹ́. Ní ọdún 2016 la rí èyí tó jẹ́ ti inú ìgbẹ́ kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní August 2020 ni wọ́n sì kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn ló lọ, àwọn tó ti mú kò lọ. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ, ilẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣì ń wọ́ rìn láàárín ọjà yìí. Lẹ́yìn ìkéde, ta ló tún béèrè wọn?

Àwọn baba ńlá wa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kò fẹ́ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ ẹnu kò gbéni dé ilé ìwé, kò sì gbéni dé oko. Ẹ sì má gbàgbé: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lónìí, kò mọ ohun tí mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọjọ́ ogbó fẹ́ fi òun ṣe lọ́la.

ÌGBÀ ARA LÀ Á BÚRA

Àgbà ní, ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìtọ́jú yìí ní ìgbà tirẹ̀. Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara ń yára kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí à bá fi ọ̀sẹ̀ kan rí gbà, a lè wá fi ọdún kan wá a.

Nítorí náà, kí ẹ tó dìbò fún ẹnikẹ́ni, ẹ mú èyí lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí náà, ẹ má dúró di ọ̀la. Kí ó jókòó dáadáa kí ẹ tó fún un ní omi tàbí oúnjẹ, kí ó má baà há a. Ẹ máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá tó kú náà, ẹ má fà á. Ẹ má jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dá. Kí wọ́n sì tó ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè pé: "Físíò dà? Kí ni a ó máa ṣe nílé?" Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má tijú.

IBI TÍ IṢẸ́ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀, ÀTI IBI TÓ DÚRÓ SÍ

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nílò ìtọ́jú kí wọ́n lè tún dìde dúró. Ìjọba òyìnbó ṣí ibùdó kan fún wọn ní Igbobi, ní Èkó. Ní ọdún 1945, ó di ọsibítù eegun, òun ni Igbobi tí gbogbo yín mọ̀ títí dòní. Ọdún 1945 yìí kan náà ni iṣẹ́ físíò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbẹ̀ náà ni. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà títí dé oyè. Ilé-Ifẹ̀ náà ń kọ́ wọn, Èkó náà ń kọ́ wọn.

Ẹ wò ó bí ó ti pẹ́ tó! Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí iṣẹ́ náà ti gúnlẹ̀ sí Igbobi. Kí ló dé tí kò tíì dé abúlé wa? Ìlú ńlá ló jókòó sí. Ẹni tó ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí, tí wọ́n ní kó máa wá sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, báwo ni yóò ti ṣe é? Owó ọkọ̀ tirẹ̀, owó ọkọ̀ ẹni tó gbé e, oúnjẹ ojú ọ̀nà, iṣẹ́ oko tí ẹni náà pa tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó tán. Àwọn ọmọ ẹbí á ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀nà ló jìn.

Àwọn ọmọ tí a fi owó ìlú kọ́ ní iṣẹ́ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ti japa lọ sí ìlú Ọba. N kò bú wọn. Ẹni tó kàwé ọdún márùn-ún, tí kò rí iṣẹ́, tàbí tó rí iṣẹ́ tí kò rí owó oṣù, kí ni ẹ fẹ́ kó jẹ? Ẹ̀yìn ọ̀la, ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ ní ìrìn níbẹ̀, bàbá tiwa ń dùbúlẹ̀ nílé.

KẸ̀KẸ́ ÀTI FÓTÒ

Àwọn tó wà lórí àlééfà yóò sọ pé, "Àwa ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé a pín àga oníkẹ̀kẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, a rí i. A rí ogún àga lórí pápá, a rí kámẹ́rà, a rí ẹni tó wọ agbádá tó tẹ̀ síwájú tó ń rẹ́rìn-ín. Kò burú láti fúnni lẹ́bùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó gbà á léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Táyà rẹ̀ ti jò, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Àga náà fẹ̀ jù fún ọmọdé, ó ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àga kì í ṣe fìlà tí a kàn ń dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹni tó fẹ́ jókòó lé e, kí wọ́n fi tìmùtìmù tó yẹ sí i, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbéra díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, egbò ìdí ni ẹ̀bùn náà. Ẹni tí egbò ìdí bá sì wọ̀ lára tán, ó lè pa á.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo òfin. Ní January 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní a kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú sí aláàbọ̀ ara. Òfin náà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ ní ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé, ó sì fún wọn ní ọdún márùn-ún. Ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́, kí wọ́n tó ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe ojúsàájú sí wọn, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà.

Ọdún márùn-ún náà pé ní January 2024. Ẹ dìde, ẹ lọ wo ọ́fíìsì káńsù yín. Ẹ lọ wo ilé ẹjọ́. Ẹ lọ wo ọsibítù fúnra rẹ̀! Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níwájú rẹ̀? Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà dà? Bí ẹlẹ́sẹ̀ kan bá fẹ́ lọ sọ pé wọ́n rú òfin náà, ṣé kì í ṣe àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró?

"KÒ SÓWÓ," NI WỌ́N Ń WÍ

Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, lórí ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, wọ́n ṣèlérí pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò lọ sórí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ tiwa tó gbà wọ́n lálejò kò tíì pé iye náà rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ bi wọ́n pé: ta ló ná an, orí kí ló sì ná an lé?

Ìtọ́jú yìí kò sì gba owó tó ń dẹ́rù bani. Ẹ rántí àga onígi àti tówẹ̀lì nílé bàbá mi. Irin tí aláìsàn ń dì mú lọ́tùn-ún lósì nígbà tó bá ń kọ́ ìrìn, páìpù omi ni, wẹ́dà ìlú yìí lè jó o láàárín ọjọ́ kan. Àtẹ̀gùn ìdánrawò, káfíńtà lè kàn án. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíríkìlà kan pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni. Ohun tó wọ́n jù ni ènìyàn tó mọ iṣẹ́, àwọn wọ̀nyẹn la sì ń fi ṣọwọ́ sókè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n fi Íńdíà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn náà ní àgbẹ̀ àti tálákà bíi tiwa. Ní ìlú Jaipur, ní òpin àwọn ọdún 1960, oníṣẹ́-ọnà kan tó ń jẹ́ Ram Chandra Sharma àti dókítà kan, P. K. Sethi, rí i pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ti òyìnbó kò bá àwọn èèyàn wọn mu. Bàtà ló fẹ́ máa wọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n lóṣòó, kò ṣe é fi wọ ẹrẹ̀ oko. Wọ́n jókòó, wọ́n fi rọ́bà àti igi ṣe tiwọn, ẹsẹ̀ tó ṣe é fi rìn láìwọ bàtà, tó ṣe é fi lóṣòó, tí omi kò bà jẹ́. Láti ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ aláàánú kan ti ń fún àwọn tálákà ní ẹsẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i? Oníṣẹ́ ọwọ́ àti dókítà fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Ṣé àwa kò ní oníṣẹ́ ọwọ́ ni? Ṣé àwa kò ní dókítà? Igi ni kò sí ni, àbí rọ́bà? Ìjọba tí yóò mú wọn jókòó sójú kan náà la kò rí.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA YÓÒ ṢE

Ẹgbẹ́ wa kò wá pín àga lórí pápá. Ohun tí a gbé wá síwájú yín nìyí.

Ekíní: ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ọsibítù kan yóò ní yàrá ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò àti físíò tí a ń san owó oṣù rẹ̀ déédéé. Ẹni tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko yóò ní ilé gbígbé àti àjẹmọ́nú.

Ekejì: a ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní wọ́ọ̀dù àti abúlé ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè lọ bá aláìsàn nílé, kí wọ́n kọ́ ẹbí rẹ̀, kí físíò sì máa bẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Àwọn agbẹ̀bí yóò mọ bí a ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ ọmọ tuntun wò kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí.

Ẹkẹta: a ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbi tí a ó ti máa ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ọ̀pá tí à ń kì bọ abíyá àti àga oníkẹ̀kẹ́, tí a ó sì ti máa tún wọn ṣe. Àwọn wẹ́dà, káfíńtà àti àwọn tó ń rán bàtà ni a ó gbà, a ó sì gba àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn síṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹkẹrin: òfin ọdún 2022 ti ní kí gbogbo èèyàn wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera. A ó rí i pé ètò ti ìpínlẹ̀ wa ń san owó ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò, kì í ṣe owó ibà nìkan.

Ẹkarùn-ún: a kò ní kọ́ ọsibítù, ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì ìjọba kan láìsí ọ̀nà fún àga oníkẹ̀kẹ́. Àwọn tó ti wà nílẹ̀, a ó tún wọn ṣe. Àwọn aláàbọ̀ ara yóò sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, nítorí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán o. Ẹ gé ìwé ìròyìn yìí pamọ́. Bí a bá wọlé, tí ọdún méjì pé, tí yàrá náà kò sí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ mú un wá síwájú wa, ẹ ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Kí ojú tì wá.

IṢẸ́ TIYÍN

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́. Olùdíje yòówù tó bá wá sílé yín, ì báà ṣe tiwa, ì báà ṣe tiwọn, kó tó pín ìrẹsì rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Físíò mélòó ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa? Eélòó nínú owó ìlera ni ìwọ yóò fi sórí iṣẹ́ náà? Ta ni aláàbọ̀ ara tí ìwọ ti jókòó tì, tí ẹ jọ sọ̀rọ̀, láìsí kámẹ́rà? Bí ó bá ń wo òkè, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ má fi aláàbọ̀ ara sílẹ̀ nílé. Ẹ gbé bàbá arúgbó jáde, ẹ gbé ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn jáde. Òfin ìdìbò fún afọ́jú àti ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e láǹfààní láti mú ẹni tó bá wù ú dání tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ bá wọn bẹ àwọn tó wà lórí ìlà, kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò. Ìbò wọn kò kéré ju tiyín lọ. Bí gbogbo aláàbọ̀ ara àti gbogbo ẹbí tó ń tọ́jú wọn bá dìbò bí ẹnì kan, kò sí olóṣèlú tí yóò tún fi àga ogún ṣe fótò kó sì sùn gbádùn.

Bí mo bá délé lálẹ́ òní, bàbá mi yóò bi mí pé, "Kí lẹ sọ lọ́jà?" Wọ́n ṣì máa ń béèrè. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun báyìí, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti fi í kọ orúkọ wọn. Èmi kò lè dá ọwọ́ ọ̀tún wọn padà, kò sí ìjọba tó lè dá a padà mọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ mìíràn wà ní ìlú yìí, tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Àgbẹ̀ kan wà lóko, ọlọ́kadà kan wà lójú títì. Nítorí wọn ni mo ṣe dìde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ tó ti ká kò ṣe é fi sọ̀yà.

Ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ tí yóò gba ẹ̀mí yín là, tí kò sì ní gbàgbé ọwọ́ yín.

A ó pàdé níbi àpótí ìdìbò.